Kí Onímọ̀ Kọ̀ǹpútà Tó Fẹ̀yìn Tì

Ẹni tó bá kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe nílẹ̀ wa lẹ́nu ọdún mélòó kan sẹ́yìn kò ní ṣàì mọ ilé tí wọ́n ń pè ní ICT. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń sáré lọ nígbà tí portal bá kọ̀ tí kò ṣí, tí owó ilé-ẹ̀kọ́ bá ti kúrò ní báǹkì tí kò sì hàn lójú ẹ̀rọ, tàbí tí máàkì iṣẹ́ kan bá pòórá lọ́sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ àwọn tó ń lọ ṣe àgùnbánirọ̀ ránṣẹ́. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ kì í kọ́ni ní kíláàsì. Wọn kì í pe orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí kò bá wá síṣẹ́, gbogbo ọgbà ni yóò mọ̀.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ náà ń dàgbà, ó sì ń fẹ̀yìn tì. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2012 gbà á láyè láti ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe títí yóò fi di ẹni ọdún 65, nígbà tí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba ní láti dúró ní ẹni ọdún 60 tàbí lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Lọ́jọ́ ìdágbére, àwọn ẹlẹgbẹ́ á dá owó jọ, wọ́n á ra fìríìjì tàbí tẹlifíṣọ̀n fún un, pásítọ̀ tàbí ààfáà á gbàdúrà, a ó jẹ, a ó mu, a ó jó. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣiṣẹ́ àṣelà tó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò níbẹ̀, ó yẹ ká bá a yọ̀. Àmọ́ tó bá di ọjọ́ Mọ́ńdé, ẹlòmíràn á jókòó sórí àga rẹ̀, á tan ẹ̀rọ, á sì gbé fóònù: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má bínú, kí ni páásíwọ́ọ̀dù ẹ̀rọ tó wà ní yàrá ẹ̀yìn yẹn?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi dá lé nìyẹn. Ìfẹ̀yìntì onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní ìṣirò méjì: owó tí òun yóò máa jẹ, àti ìmọ̀ tí yóò fi sílẹ̀ fún àwọn tó kù. A sábà máa ń ṣe ti àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìbẹ̀rù, a kì í sì í ṣe ti ìkejì rárá. Mo fẹ́ kí a wo bí ìṣirò méjèèjì ṣe rí ní ibi tó jìnnà sí wa, ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, nínú irú ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a kò ní irú rẹ̀ gan-an nílé.

Ìlú kan ń jẹ́ Joliet, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Chicago. Ní 1901, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama ibẹ̀, J. Stanley Brown, àti William Rainey Harper tó jẹ́ ààrẹ Yunifásítì Chicago nígbà náà, fohùn ṣọ̀kan pé kí àwọn ọmọ tó jáde girama lè ka ọdún méjì àkọ́kọ́ ẹ̀kọ́ yunifásítì nínú ìlú wọn, kí wọ́n tó lọ parí ìyókù níbòmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ 6 péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Joliet Junior College ni wọ́n ń pe ilé-ẹ̀kọ́ náà títí dòní, òun ló sì dàgbà jù nínú irú rẹ̀ tó jẹ́ ti ìjọba ní gbogbo Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Harry Truman gbé kalẹ̀ dá a lábàá ní 1947 pé kí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wà káàkiri, kí àìlówó má sì dí ọmọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti kàwé. Láti ìgbà náà ni orúkọ náà, community college, ti wọ gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Àwa yóò máa pè é ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò. Wọ́n ju 1,000 lọ ní Amẹ́ríkà lónìí. Ní Illinois nìkan, wọ́n ju ogójì lọ.

Kò sí ìdánwò ìwọlé bíi JAMB níbẹ̀. Ẹni tó bá ti jáde girama, tàbí tó ṣe ìdánwò tó dúró fún un, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹ̀kọ́ bíi ti nọ́ọ̀sì máa ń ní ìdíwọ̀n tiwọn. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń gba oyè tí wọ́n ń pè ní associate, ẹni tó bá sì gbà á lè wọ ọdún kẹta ní yunifásítì. Ẹlòmíràn kò wá oyè rárá. Iṣẹ́ wẹ́dà ló wá kọ́, tàbí títún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, tàbí èdè Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìlú òkèèrè ni. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta lè jókòó ti ọmọ ọdún 18 nínú kíláàsì alẹ́, kí awakọ̀ akẹ́rù wà lẹ́yìn wọn. Lára owó orí tí àwọn ará àdúgbò ń san lórí ilé àti ilẹ̀ wọn ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ilé-ẹ̀kọ́ náà, àwọn ará àdúgbò náà ló sì ń dìbò yan ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀. Ní Chicago nìkan ni olórí ìlú ti ń yàn wọ́n.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó dé Amẹ́ríkà láìní owó yunifásítì lọ́wọ́, irú ẹnu ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà di nọ́ọ̀sì, oníṣirò owó tàbí onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Ní Chicago, ọ̀kan wà ní àdúgbò Uptown tí wọ́n fi orúkọ Ààrẹ Truman yẹn sọ. Òmíràn ń jẹ́ Malcolm X College, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Iṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò kì í ṣe iṣẹ́ àbùkù. Jill Biden kọ́ni ní irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀ ní Virginia ní gbogbo ọdún mẹ́rin tí ọkọ rẹ̀ fi jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà. Ìparí 2024 ló tó kọ́ kíláàsì tó kẹ́yìn níbẹ̀.

Illinois yìí kan náà ni kọ̀ǹpútà ti tètè wọ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ní 1960, Yunifásítì Illinois bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Urbana tí wọ́n pè ní PLATO. Donald Bitzer ló darí rẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń wá ni bí kọ̀ǹpútà ṣe lè máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1970, wọ́n ti gbé ẹ̀rọ PLATO lọ sí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò Chicago àti sí Parkland College ní Champaign. Ojú ẹ̀rọ náà ń tàn pẹ̀lú àwọ̀ ọsàn, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè fi ìka kàn án láti dáhùn ìbéèrè, ní ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí fóònù tí a ń fi ìka tẹ̀ lójú tó gbòde. Ní 1973, àwọn tó wà lórí PLATO ti ń kọ ọ̀rọ̀ síra wọn láti ìlú kan sí èkejì, lójú ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ inú ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ ní tirẹ̀, káàdì ni wọ́n fi ń ṣe é. Páálí pẹlẹbẹ ni káàdì náà, ó ní òpó 80, ihò tí wọ́n bá lu sí i ni ẹ̀rọ ń kà. Ìlà kan nínú ètò, káàdì kan. Ètò tó ń ṣe owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ lè kún àpótí kan tàbí méjì. Bí àpótí náà bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e, tí káàdì sì fọ́n ká ilẹ̀, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ti dà rú nìyẹn. Ọgbọ́n tí àwọn àgbà ibi iṣẹ́ dá sí i ni pé wọ́n á to gbogbo káàdì náà jọ dáadáa, wọ́n á sì fi kálàmù fa ìlà kan dábùú etí wọn lókè, láti igun kan lọ sí igun kejì. Bí wọ́n bá fọ́n ká, ibi tí ìlà náà dé lára káàdì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń mọ àyè rẹ̀. Ẹni tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló ń fi han ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ẹ jẹ́ ká wo òṣìṣẹ́ kan tó wọṣẹ́ ní irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀ ní 1985, tó sì fẹ̀yìn tì ní 2020. Nígbà tó dé, ó kù díẹ̀ kí káàdì di ohun ìgbàgbé, kọ̀ǹpútà kékeré tí IBM gbé jáde ní 1981 sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọ́fíìsì. Òun ló gun àkàbà tó na wáyà nẹ́tíwọ̀kì sókè àjà láti yàrá dé yàrá. Ní 1993, Marc Andreessen àti Eric Bina ní Yunifásítì Illinois gbé Mosaic jáde, èyí tó jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà lè máa wo àwòrán àti ọ̀rọ̀ lórí ayélujára. Kò pẹ́ tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fi ní òun fẹ́ ojúlé ayélujára. Òṣìṣẹ́ wa kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóru, ó sì ṣe é lọ́sàn-án. Lálẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1999, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn wà ní ìsìn àìsùn ọdún tuntun, ìdí ẹ̀rọ ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà, nítorí pé nọ́ńbà méjì péré ni àwọn ètò àtijọ́ fi ń kọ ọdún, wọn kò sì fẹ́ kí ẹ̀rọ ka 2000 sí 1900. Ó ti ń ṣe àtúnṣe sí i láti nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú. Ilẹ̀ mọ́, nǹkan kan kò bàjẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé kò sí ewu kankan tẹ́lẹ̀. Bí iṣẹ́ yìí ṣe rí nìyẹn: bó bá dára, ẹnikẹ́ni kì í rí i.

Ọdún tó kẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀ ló wá le jù. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta 2020, àṣẹ kónílé-ó-gbélé tí Gómìnà J. B. Pritzker pa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Illinois nítorí àrùn Kòrónà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò kó kíláàsì wọn lọ sórí ayélujára. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ̀ǹpútà alágbèéká, wọ́n ń kọ́ olùkọ́ tó ti ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ni láti ọjọ́ pípẹ́ bí wọ́n ṣe ń tan kámẹ́rà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì nílé ń wa mọ́tò wá sí ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé-ẹ̀kọ́, á jókòó sínú ọkọ̀, á sì fi Wi-Fi ọgbà ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹnì kan ló gun òrùlé lọ yí ẹ̀rọ Wi-Fi náà kọjú síta.

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ àwọn èèyàn wọ̀nyí kò tó nǹkan, kó gbọ́ ti Lincoln College. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni, ní Illinois kan náà, ó sì ti wà láti 1865. Ní oṣù Kejìlá 2021, àwọn ọ̀daràn orí ayélujára wọlé sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, wọ́n ti gbogbo àkọsílẹ̀ pa, wọ́n ní àfi kí wọ́n sanwó. Àkọsílẹ̀ ìgbàwọlé akẹ́kọ̀ọ́ àti ti owó kò ṣí padà títí di oṣù Kẹta 2022. Àrùn Kòrónà ti dín akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kù tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá rí iye èèyàn tó forúkọ sílẹ̀, wọ́n mọ̀ pé àtiṣe kò sí mọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún 2022, wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa lẹ́yìn ọdún 157.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò owó. Ohun àkọ́kọ́ tó máa ya ará ilé lẹ́nu ni pé ọjọ́ orí kì í lé irú òṣìṣẹ́ yìí kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Òfin tó dáàbò bo àgbà òṣìṣẹ́ ti wà láti 1967, àtúnṣe 1986 sì fòpin sí fífi ipá mú ọ̀pọ̀ jù lọ òṣìṣẹ́ fẹ̀yìn tì. Òun fúnra rẹ̀ ló máa yan ọjọ́. Nítorí náà ló fi ń lo ọdún bíi mélòó kan láti ṣírò.

Àjọ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò àti yunifásítì ìjọba ní Illinois ń jẹ́ SURS, ó ti wà láti 1941. Lóṣooṣù, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ ń lọ síbẹ̀. Fún ẹni tó wọṣẹ́ ṣáájú 2011, bí ìlànà àgbà náà ṣe lọ rèé: ẹ mú ọdún 4 tó tẹ̀ léra tí owó rẹ̀ pọ̀ jù, ẹ wá ìdọ́gba rẹ̀. Ọdún kọ̀ọ̀kan tó fi ṣiṣẹ́ fún un ní ìdá 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà. Ọdún 35 á jẹ́ ìdá 77. Bí ìdọ́gba owó ọdún rẹ̀ bá jẹ́ 60,000 dọ́là, yóò máa gba 46,200 dọ́là lọ́dún títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Owó náà ń fi ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún gbéra lọ́dọọdún. Iye tó ga jù tí ẹnikẹ́ni lè gbà ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ìdá 80. Ẹni tó pé ọdún 30 lẹ́nu iṣẹ́ lè lọ nígbàkigbà láìka ọjọ́ orí sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọṣẹ́ láti 2011 síwájú ní láti dúró di ẹni ọdún 67 kó tó gba ẹ̀kún owó rẹ̀. Ìpínlẹ̀ náà ti dín ojú àánú kù.

Ìdí ni pé Illinois kò fi owó tó yẹ sínú àpò yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbèsè ńlá sì jọ sórí rẹ̀. Ní 2013, àwọn aṣòfin ṣe òfin kan láti gé lára ohun tí wọ́n ti ṣèlérí fún òṣìṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà ti 1970 sọ pé àdéhùn tí a kò gbọdọ̀ dín kù ni owó ìfẹ̀yìntì, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Illinois sì fi ẹnu kan fagi lé òfin náà ní 2015. Ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀ fún àwa náà: owó ìfẹ̀yìntì tí òfin tó lágbára kò bá dáàbò bò, ìlérí ẹnu lásán ni.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó máa ń dé bá àwọn òṣìṣẹ́ yìí láìròtẹ́lẹ̀ títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Láti 1935 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ní ètò owó àgbà tí wọ́n ń pè ní Social Security. Òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ SURS kì í san owó sí i láti ibi iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n tó bá ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aládàáni ṣáájú, ó ti san owó sí i nígbà náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin kan ń gé lára owó àgbà irú ẹni bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ní owó ìfẹ̀yìntì mìíràn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní 2025, Ààrẹ Joe Biden buwọ́ lu òfin tó fòpin sí gígé náà. Ti ìlera náà kò gbọdọ̀ di ohun ìgbàgbé: ọdún 65 ni Medicare, ètò ìlera àwọn àgbà, ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ jù lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ní ẹni ọdún 57 gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò máa san owó dókítà fún ọdún 8 tó wà láàárín.

Nílé wa, kí ọdún 2004 tó dé, ètò òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ jọ ti Illinois gan-an: ẹni tó fi ọdún 35 sìn ń gba ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó gbà kẹ́yìn. Òfin 2004 yí i padà, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2014 sì ló wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí. Òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 8, agbanisíṣẹ́ ń dá ìdá 10, owó náà ń wọ àpò tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, lábẹ́ àbójútó PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì. Ohun tó bá wà nínú àpò náà lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì ni yóò jẹ. Ìyẹn ni pé bí agbanisíṣẹ́ kò bá san ìdá tirẹ̀ fún oṣù 10, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀, kó má jẹ́ ọjọ́ ìdágbére ni yóò máa béèrè. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú babaláwo máa dífá ọrọọrún.

Ìṣirò kejì, ti ìmọ̀, ló kù, òun ló sì gba ìrònú jù. Ẹ jẹ́ kí n mú ohun kékeré kan. Ní agogo méjì òru, ètò kan ń ta jí lórí server kan nínú yàrá tútù níbi tí fáànù ẹ̀rọ ti ń hó. Yóò kó orúkọ àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó kọjá, yóò sì fi ránṣẹ́ síbi tí àwọn olùkọ́ ti ń kọ́ni lórí ayélujára. Bí kò bá ṣiṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó sanwó lánàá kò ní rí kíláàsì rẹ̀ láàárọ̀. Ẹni tó fẹ́ fẹ̀yìn tì ló kọ ètò náà ní ọjọ́ tó ti pẹ́, orúkọ ìwọlé tirẹ̀ ni ètò náà sì ń lò. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá pa orúkọ ìwọlé rẹ̀ rẹ́ lọ́jọ́ tó lọ, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ààbò ti sọ, ètò náà á kú lóru ọjọ́ yẹn. Kò sí ẹni tó máa mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Irú nǹkan báyìí pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó pẹ́ níbì kan. Orúkọ ojúlé ayélujára ilé-ẹ̀kọ́ lè wà lórí ímeèlì ẹnì kan ṣoṣo, ímeèlì náà ni ìkìlọ̀ àtisan owó rẹ̀ ń bá lọ. Àdéhùn àtúnṣe ẹ̀rọ lè parí ní oṣù Kẹjọ tí ẹnikẹ́ni kò fura. Wáyà kan tí kò ní àmì lára lè jẹ́ òun ló gbé fóònù gbogbo ilé ìkàwé. Nítorí náà, oṣù tó kẹ́yìn iṣẹ́ kì í ṣe oṣù ìsinmi fún irú ẹni yìí. Ó yẹ kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kó fi àmì sí wáyà, kó kó páásíwọ́ọ̀dù sí ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ ti lè rí i láìsí òun, kó sì jẹ́ kí ẹni tó máa gba ipò rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà nígbà tí òun ṣì dúró tì í.

Amẹ́ríkà tó ṣe òfin owó dáadáa bẹ́ẹ̀, ìṣirò kejì yìí máa ń já a kulẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2020, nígbà tí àìníṣẹ́ gbòde nítorí Kòrónà, ẹ̀rọ tí ìpínlẹ̀ New Jersey fi ń sanwó ìrànwọ́ fún àwọn aláìníṣẹ́ kò lè gba èrò mọ́. COBOL ni wọ́n fi kọ ètò inú rẹ̀, èdè kọ̀ǹpútà tó ti wà láti 1959. Gómìnà Phil Murphy bọ́ síta ní gbangba, ó ń bẹ ẹni tó bá gbọ́ COBOL kó wá ran ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gbọ́ ọ dáadáa ti fẹ̀yìn tì. Ìmọ̀ náà bá wọn lọ sílé, ìpínlẹ̀ sì wá ń ké pè wọ́n lójú gbogbo ayé.

Àwa ní ohun tí a lè fi ṣe àtúnṣe, nítorí pé ọmọṣẹ́ wa kì í kọ́ṣẹ́ nínú ìwé. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá aránṣọ tàbí ọ̀gá mẹkáníìkì ló ń gbé dàgbà, á wo ọwọ́ ọ̀gá, á ṣe é, ọ̀gá á tú u, á tún ún ṣe, títí di ọjọ́ tí wọ́n á ṣe fúrídọ̀mù fún un. Ọ̀gá tó gba ọmọṣẹ́ mẹ́wàá tí ẹyọ kan kò gba fúrídọ̀mù, a mọ irú ọ̀gá tó jẹ́. Ó ṣeni láàánú pé nígbà tí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dé, ọ̀pọ̀ nínú wa fi àṣà yìí sílẹ̀. Àwọn kan ń fi ìmọ̀ pamọ́ kí ọ́fíìsì má bàa lè ṣe láìsí wọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò tuntun nílò àgbà tó mọ ìdí tí wọ́n fi kọ ti àtijọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésí ayé kò sì parí lọ́jọ́ tí a bá fi káàdì ìdánimọ̀ àti kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Àwọn kan ń padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà láti kọ́ni ní kíláàsì alẹ́ kan lọ́sẹ̀. Òfin Illinois fún àgbà tó ti tó ẹni ọdún 65, tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀, láǹfààní láti jókòó sí kíláàsì tí àyè bá wà láìsan owó ẹ̀kọ́, nítorí náà ẹni tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè di akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tó fẹ̀yìn tì lọ́hùn-ún ní ohun mìíràn tí wọ́n tún lè ṣe: ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀ nílé tó ní kọ̀ǹpútà tí kò ní ẹni tó mọ bí a ṣe ń tọ́jú nẹ́tíwọ̀kì. Oṣù mẹ́ta àgbà kan nínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọ̀dọ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò ṣe ju kọ̀ǹpútà ogún tí a kó wọ inú kọ̀ntánà lọ.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ICT ní Yábàá, Ìbàdàn, Ẹdẹ, Ìlaròó àti níbi gbogbo, àti ẹ̀yin ọmọ wa tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lókè òkun, mo bẹ̀ yín. Ẹ béèrè àkọsílẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ sì pariwo bí oṣù kan bá sọnù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ ohun mẹ́wàá sílẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n níbi iṣẹ́ yín, ẹ pe ọ̀dọ́ kan jókòó, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má dúró de ọdún tó kẹ́yìn.